Pọ́pì Tí Kò Lórúkọ

Mo ti hun òdòdó pọ́pì mọ́kànlélógún kí obìnrin yẹn tó béèrè orúkọ. Àwa àgbà obìnrin mẹ́fà la máa ń jókòó ní yàrá ìpàdé nísàlẹ̀ ilé wa ní àdúgbò Jane and Finch nílẹ̀ òyìnbó níbí lọ́sàn-án Ọjọ́rú, tí à ń fi òwú pupa hun òdòdó tí wọn yóò so mọ́ àwọ̀n ńlá níwájú ilé, láti fi rántí àwọn ṣọ́jà tó kú. Òyìnbó obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ tíṣà ló kó wa jọ.

Lọ́jọ́ kan ó gbé ìwé jáde. Ó ní ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá ti bógun lọ, kó mú orúkọ wá, àti àwòrán bó bá wà. Òun yóò kọ ọ́ sórí páálí kékeré, òun yóò so ó mọ́ òdòdó.

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ mi.

Àbúrò bàbá mi lọ ogun Bọ́mà, kò padà. Àwòrán kan ṣoṣo ló kù sílé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá, ó wọ kóòtù, ó gbé ìwé dání. Ó ní wọ́n rán òun láti wá ibi tí wọ́n sin àwọn ọmọ wa sí. Ìyá bàbá mi pe orúkọ fún un, wọ́n sì gbé àwòrán lé e lọ́wọ́. A ò rí ọkùnrin náà mọ́, a ò sì rí àwòrán. Títí wọ́n fi kú, bí kẹ̀kẹ́ bá ti dún lọ́nà, wọ́n á na ọrùn. Orúkọ nìkan ló wá ṣẹ́ kù. Mi ò ní gbé ìyẹn náà fún ẹlòmíràn tó gbé ìwé dání.

"Kí ni tíṣà fẹ́ fi orúkọ ṣe?" Mo bi ọmọ ọmọ mi obìnrin nílé.

"Grandma, it's just a tag."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má sọ orúkọ mi fún ẹni tó bá pè lórí fóònù?"

"Yours! Òkú ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ fi òkú ṣe?"

"Ohun tí mò ń béèrè nìyẹn."

Mo sọ fún tíṣà pé tèmi ò lórúkọ. Ó ní kò burú. Ó tètè gbà jù, kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń so àwọn òdòdó náà, mo wọ kóòtù méjì, èmi àti ọmọ ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣọ́ tíṣà.

"Ìwé yẹn dà?"

Tíṣà fà á yọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ṣí i tán pátá. Orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń fagi lé èyí tó bá ti so.

"Tiyín ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí páálí kan. "Ọmọ kíláàsì mi. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí."

Àwọn òdòdó tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn, kò sóhun tó so mọ́ wọn.

Ọmọ ọmọ mi fà mí láṣọ. "Grandma, what was his name, even?"

Mo ti fi orúkọ náà pamọ́ fún olè títí ọmọ onílé pàápàá ò fi mọ̀ ọ́n.

"Ẹ fún mi ní bíróò."

"Ṣé kí n bá yín kọ ọ́, màmá?"

"Rárá."

Mo kọ ọ́ sórí páálí fúnra mi, gàdàgbà gàdàgbà. Mo so ó mọ́ ọ̀kan nínú òdòdó mi, mo ta á ní kókó márùn-ún. Tíṣà gbé fóònù sókè láti yà á, mo ní kó gbé e kalẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ka orúkọ náà, ó pè é bí òyìnbó. Mo ní kó tún un pè. Ìgbà kẹta ló tó pè é bí bàbá mi ṣe máa ń pè é.

Láràárọ̀ ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo kókó márùn-ún yẹn.