Ṣíbí Tó Ń Pòòyì Nínú Omi

Wẹ́dà tó ń jó irin mọ́ irin ni ọkọ mi nígbà tí à ń gbé Life Camp, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ Àbújá. Lọ́jọ́ kan mo wá ṣíbí mi títí, àṣé ọkọ mi ti gé ọwọ́ ṣíbí náà dànù, ó dá ihò sí i, ó fi wáyà so ó mọ́ ìwọ̀ ẹja.

“Bàbá Ìbejì, ṣé orí yín pé?”

Tìbínú-tìbínú ni mo tẹ̀ lé e dé etí dáàmù Jábì. Ó so okùn mọ́ ọn, ó jù ú sómi, ṣíbí kò yí. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ kan ló yẹ kó wà lórí wáyà, kí ṣíbí lè máa yí, kó sì tan ẹja jẹ. Ó wá wo ìbàdí mi.

“Ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá mi fi sí mi nídìí? Ẹ má dán an wò!”

Síbẹ̀, mo tú ẹyọ kan fún un. Ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, ó ń dán bí ẹja kékeré tó ń sá. Ọkọ mi mọṣẹ́ ọwọ́ o! Ẹja ńlá kan gbá a hán, ó já okùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ mi kò lè wojú mi. Èmi ti ń tú ìlẹ̀kẹ̀ kejì.

“Ṣíbí mẹ́ta ló kù nílé,” mo ní.