Ilé Tí Mi Ò Rí Jà Lólè

Vasemaca Naqio kú lọ́sẹ̀ tó kọjá nílé ìwòsàn ní Suva, nílẹ̀ Fiji wa níbí. Àìsàn tí ìtọ̀ eku ń gbé wọ ara èèyàn nínú omi àgbàrá ló pa á. Obìnrin náà burẹ́wà. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ pánù lórí kọnkéré, bó bá sì jókòó ti ẹja, egungun lásán ni ológbò máa bá níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹlòmíì ni kó lọ sọ ọ́ dère. Ní tèmi, ẹ̀tọ́ mi ni kí n bú u.

Tauvu ni wá. Òrìṣà kan náà ni àwọn baba ńlá abúlé tiẹ̀ àti tèmi jọ ń sìn, ẹni tó bá sì jẹ́ tauvu ẹni lè bú èèyàn níwájú àna, ó lè wọlé ẹni kó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná, kó máa gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bínú. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á jókòó ti òkú, á máa bú u, kí àwọn ọmọ olóògbé lè rí ẹ̀rín rín láàárín ẹkún. Iṣẹ́ tí mo wá ṣe nínú ìwé ìròyìn yìí nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé gbogbo ìgbà tí mo fi mọ obìnrin yìí, mi ò rí nǹkan kan jí nílé rẹ̀. Ilé wo? Pánù mẹ́rin tí wọ́n fi ara ti ara wọn lẹ́bàá òkun, níbi tí gbòǹgbò igi ti ń yọrí nínú ẹrẹ̀. Bí òkun bá kún, omi á wọlé láìkanlẹ̀kùn. Kí ni mo fẹ́ jí níbẹ̀, akàn? Ìdí nìyẹn tí mo fi fojú sí ilé tí ìjọba ṣèlérí pé òun máa kọ́ fún irú wọn.

Mo sọ fún un pé, "Jẹ́ kí wọ́n ṣáà fún ẹ nílé. Ọjọ́ tó o bá kẹ́rù wọlé ni màá kó o jáde."

Ó ní, "Máa bọ̀, olójúkòkòrò. Màá so ajá mọ́lẹ̀kùn. Ikùn rẹ nìkan, ajá náà á jẹ ẹ́ di Kérésìmesì."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àwọn ilé náà ò ní gbàgbé. Wọ́n tò wọ́n sórí òkè lẹ́yìn ìlú, gbogbo wọn rí bákan náà, wọ́n sì kùn wọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n ní ti mẹ̀kúnnù ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ sí wọn lára ti fún ètò náà lórúkọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó, wọ́n fi aṣọ bò ó. Mínísítà fa aṣọ, aṣọ já bọ́, gbogbo wa kà á: VALE LAILAI.

Bẹ́ ẹ bá tú u lẹ́yọ lẹ́yọ, "ilé kékeré" ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Fiji kan tí ahọ́n rẹ̀ ti là tí kò mọ̀ pé ibi tí èèyàn ti ń lọ yàgbẹ́ là ń pè bẹ́ẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn yìí wo ilé tán, wọ́n sọ ọ́ ní ṣáláńgá. Àwọn akọrin ìjọ tó yẹ kó gbé orin ìyìn lanu sílẹ̀, wọn ò rí ohùn gbé jáde. Àfi ìgbà tí ohùn pánù yẹn dún láti àárín àwọn obìnrin:

"Mínísítà, ẹ ṣeun o! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà nínú ẹ̀? Ẹ bá wa kanlẹ̀kùn, ó ti pẹ́ tá a ti wà lórí ìlà!"

Ìlú dàrú. Mo rí ọlọ́pàá kan tó di ògiri mú. Pásítọ̀ fi Bíbélì bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi sáré lọ sílé, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, mo sì fi iyọ̀ àti ata sí i. N kò tíì kọ ohun tí àwọn èèyàn kà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ibi tí mo bá yà sí, wọ́n á bu omi gbòǹgbò yaqona fún mi, igbá kan lé igbá kan, títí ahọ́n mi á fi kú tipiri. Mo ń yan káàkiri bí akọni tó ti ojú ogun dé. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú, wọ́n ti yọ pátákó náà, wọ́n ti fi orúkọ mìíràn rọ́pò rẹ̀. A yọ̀. A ní aráàlú ti borí.

Ẹ wo bí a ṣe gọ̀ tó. Ìjọba ṣe àṣìṣe nínú orúkọ, a bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Iye owó ilé tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ wà bó ṣe wà. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó pa wá lẹ́rìn-ín, torí pé kò sí mẹ̀kúnnù tó lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wa kí a tó kà á débẹ̀.

Èmi náà fẹ́ ilé ọ̀hún, kí n má purọ́. Èmi àti Vasemaca la jọ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dá wa lóhùn, ó ró sulu tí wọ́n lọ̀ débi pé ẹsẹ̀ aṣọ náà lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ọmọ náà níwà, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn.

Ó ní, "Màámi, níbo lẹ ti ń gbowó oṣù?"

"Ẹní ni mò ń hun, ọmọ mi. Àfàìmọ̀ ni kì í ṣe èmi ni mo hun èyí tí wọ́n tẹ́ síbi ìgbéyàwó ìyá ẹ."

"Ẹ ṣeun, Màámi. Ṣùgbọ́n ẹní híhun ò ní owó oṣù. Mẹ̀kúnnù tó ń gbowó oṣù la kọ́ ilé yìí fún."

"Mẹ̀kúnnù tí kì í gbowó oṣù wá ńkọ́?"

Ọmọ náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Àwọn yẹn ò tíì sí nínú ètò, Màámi."

Ó yíjú sí mi. Mo sọ iye tó ń wọlé fún mi. Ó tẹ nǹkan kan lórí ẹ̀rọ, ó mi orí. "Bàbá, ẹ ti lówó jù fún un."

Èmi! Èmi tí mo ń háyà yàrá lọ́wọ́ obìnrin kan tó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ orin nípa àwọn ajẹgbèsè bí mo bá ń kọjá! Ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọmọ náà. Kò sí ẹni tó pè mí lólówó rí. Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn tó: Vasemaca tòṣì ju ilé òtòṣì lọ, èmi là jù fún un, ilé ìyókù tó wà nígboro sì ń yínmú sí àwa méjèèjì. Ta ni wọ́n wá kọ́ ọ fún? Ṣé àáyá ni?

A jáde síta, Vasemaca di apá aṣọ mi mú. "Tauvu, wá fẹ́ mi."

"Kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run?"

"Gbọ́ ná, olórí kunkun. Kó owó oṣù ẹ wá, kí n kó òṣì mi wá, ká pò ó pọ̀, ká pín in sí méjì. Á bá òṣùwọ̀n wọn mu wẹ́kú. Tí wọ́n bá ti gbé kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́, o lè máa kú lọ."

"Ilé yẹn ò lè gbà wá. Ìdí ẹ nìkan á kún un."

A rẹ́rìn-ín títí a fi fẹ̀yìn ti ògiri ọ́fíìsì wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, àwọn àgbà ò purọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa pé ẹni tó bá mọ ẹ̀rín rín jù ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn pẹ́ jù.

Ẹ gun òkè yẹn lọ lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ lọ kí àwọn mẹ̀kúnnù tó rí ilé gbà. Mẹ̀kúnnù kan wà níbẹ̀ tó ń fọ mọ́tò rẹ̀ kejì. Mẹ̀kúnnù kan ò sí nílé, Sydney lókè òkun ló ń gbé, àwọn àlejò tó wá wẹ òkun ló ń háyà ilé náà fún. Àwọn ilé kan sì wà tí wọ́n tì pa, koríko ti dé ojú fèrèsé wọn. Mo bi ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ wọn pé ta ló ni wọ́n. Ó ní wọ́n ṣì ń dúró de mẹ̀kúnnù tó kún ojú òṣùwọ̀n.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, omi wọlé Vasemaca, eku náà sì bá omi wọlé, torí ilé tiwọn náà ti kún. Ó ti fi ìkarahun gé ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ibà mú un. Ó rò pé ibà lásán ni, ó ń mu omi ewé. Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè ni Bisun, awakọ̀ takisí tó ń gbé nínú pánù kejì, gbé e sínú mọ́tò. Bisun ló sọ fún mi pé lọ́nà, obìnrin náà la ojú, ó ní, "Bisun, tí mo bá kú sínú mọ́tò ẹ, má bínú o. Ó kéré tán, ibi gbígbẹ ni mo kú sí." Bisun ń sọ ọ́, ó ń sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún. Kò sí àwàdà nínú ìyẹn, ẹ má wá a. Obìnrin tó hun ẹní tí ìdajì ìlú yìí ń sùn lé, orí omi ló ń sùn.

A ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé kí a tó sin ín, bí a ṣe máa ń ṣe, nítorí ẹrẹ̀ ṣì wà nínú ilé. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì la tẹ́ ẹ sí. Mo jókòó tì í, mo ń ṣe iṣẹ́ mi. Mo ní òun ni olóògbé àkọ́kọ́ tí pósí máa bẹ̀ pé kó sún díẹ̀. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Ibẹ̀ la wà tí àwọn ará ọ́fíìsì ilé fi wọlé, Ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ ló síwájú. Wọ́n gbé tabua dání, eyín àbùùbùtán ńlá tó pọ́n dáadáa, tí okùn rẹ̀ nípọn. Wọ́n gbé yaqona, wọ́n gbé páálí bisikíìtì.

Ọ̀gá kúnlẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jẹ́ ká fún un ní tiẹ̀. Ó ní ìyá rere lọ, ó ní irú wọn ni ètò ilé òun wà fún. Àgbà ìdílé gba tabua lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúpẹ́. Gbogbo wa ká àtẹ́lẹwọ́, a pàtẹ́wọ́ bó ṣe yẹ, gbì, gbì, gbì. Tèmi ló ròkè jù. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti gba tabua ti gba ẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tá a bá òkú sin nìyẹn. Wọ́n rí eyín àbùùbùtán fún un nígbà tó kú, wọn ò rí ilẹ̀kùn fún un nígbà tó wà láàyè.

Makelesi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wá bá mi, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n.

"Bàbá Apisai, ẹ dákun, kí lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ sí?"

"Àṣà ni, ọmọ mi."

"Mo mọ̀ pé àṣà ni. Ṣé ìjọba náà tauvu yín ni? Wọ́n ń wọlé yín, wọ́n ń kó yín lẹ́rù lọ, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bínú."

Ọmọ náà ò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó gba inú òjò padà sínú pánù ìyá rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, torí kò níbòmíì tó lè lọ.

Nítorí náà, Ọ̀gá, mò ń bínú. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ta ló ni àwọn ilé tí koríko bò yẹn? Ta ló buwọ́ lù ú pé kí ẹni tó ń gbé ní Sydney gba ilé mẹ̀kúnnù ní Suva? Ta ló gbé òfin kalẹ̀ pé talákà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí owó oṣù kó tó lè jẹ́ talákà lójú yín? Ẹ dárúkọ wọn ní gbangba, bí ẹ ṣe pe ilé náà ní ṣáláńgá ní gbangba. Kẹ́ ẹ sì yọ òfin náà kíákíá, bí ẹ ṣe yọ pátákó yẹn.

Láìpẹ́, a máa pé jọ láti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ Vasemaca. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ wá. Ẹ má gbé tabua dání o, torí a máa gbà á, a mọ ara wa. Ẹ má gbé yaqona, a máa mu ún. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ tó dùn, a máa pàtẹ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé kan ni kẹ́ ẹ mú wá, kẹ́ ẹ fi lé Makelesi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wa. Bí kọ́kọ́rọ́ ò bá sí, ẹ jókòó sílé yín. Ẹ̀yin ṣáà nílé.