Irin Tí Bàbá Sójà Ní Kí N Gbàgbé

Ikùn tí ẹ ń wò lára mi yìí, ẹ má fojú di í. Ìgbà kan wà tí mo ń gbé àpò yanrìn sí èjìká, tí mo ń sáré láti Tudun Wada dé etí odò, tí mo sì ń padà délé kí òórùn àkàrà tó gba àdúgbò kan. Mo ti sọ ìtàn yẹn di àwàdà fún àwọn ọmọ mi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí mi.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Sójà ló ń ṣe ìjọba nígbà náà, kò sì sí bàbá kan ní Kaduna tí kò fẹ́ kí ọmọ òun di ọ̀gá wọn. Bàbá tèmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, níbi tí wọ́n ti ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń já ewé. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá sójà kò ní ká sanwó: ìjọba ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ, òun náà ló ń kọ́ ọ níwèé. Mo ti yege nínú ìdánwò oníwèé. Ó ku ti ara. Ọdún yẹn sì ni ìgbà ìkẹyìn tí mo lè gbìyànjú rẹ̀, nítorí pé bí ọdún bá ti yí, ọjọ́ orí mi á ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà.

Ohun tí wọ́n fẹ́ kí a ṣe wà nínú ìwé tí wọ́n fi pè mí: eré ọ̀nà jíjìn, púṣọ́ọ̀pù, àti irin. Irin yìí, orí òpó méjì ni wọ́n gbé e dábùú sí. Wàá fò, wàá rọ̀ mọ́ ọn, wàá fi apá fa gbogbo ara rẹ títí àgbọ̀n rẹ á fi yọ lókè irin náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi kò fa ẹyọ kan rí láyé mi.

Bàbá mi kò wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣẹ́ ẹ po, ó tì í bọ àpò, ó ní, "Kí la fẹ́ fi ìwé ṣe, nígbà tí ẹni tó ṣe é rí wà nílé?"

Ẹni tó ń wí ni àgbàlagbà ará Ìlọrin kan tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, Bàbá Sójà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ó bá ti wúkọ́ ní ìpàdé ọmọ ìlú, onírúgúdù èyíkéyìí ti jókòó nìyẹn. Ìdájí ọjọ́ kejì, bí wọ́n ti kírun àsúbà tán, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Kúrútù!" Orúkọ tí wọ́n ń pe sójà tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì nìyẹn. "Gbé àpò yìí!"

"Ẹ kú àárọ̀ sà. Àpò kí ni, Bàbá?"

"Ṣé mo ní kí o bi í léèrè orúkọ ni? Gbé e!"

Yanrìn ló kún inú rẹ̀. Nígbà tiwọn, ó ní, wọ́n wo eyín òun, wọ́n fi okùn wọn àyà òun, wọ́n ní kí òun gbé àpò ẹ̀pà yí pápá ká. Òun gbé e, wọ́n sì fún òun láṣọ lọ́jọ́ náà. Ó parí. Nítorí náà, oṣù mẹ́ta gbáko ni èmi náà fi gbé àpò. Àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé mi dé ẹ̀gbẹ́ ọjà Kasuwan Barci, wọ́n á máa pariwo, "Ɗan dako! Ɗan dako!" bí ẹni ń pe alárù. Ìyá kan tilẹ̀ dá mi dúró pé èló ni mo máa gbà gbé iṣu òun délé.

Nígbà tó yá, mo fìgboyà bèèrè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, irin tó wà nínú ìwé yẹn ńkọ́?"

"Irin wo?"

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Haba! Ta ló ń rọ̀ mọ́ irin lójú ogun? Ṣé àdán ni ọ́ ni?"

Bàbá mi náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dá a lóhùn, ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé ti ba àwọn ọmọ ìwòyí jẹ́."

Ọmọ kíláàsì mi kan wà ní Ungwan Rimi tí wọ́n pè bíi tèmi. Bàbá tirẹ̀ jókòó, ó ka ìwé náà látòkè délẹ̀, ó sì pe wẹ́dà kan pé kó wá jó irin mọ́ òpó sí ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà ní kí n máa bọ̀ ní Sátidé. Mo lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kàn so rọ̀ síbẹ̀ ni, bí aṣọ tí wọ́n sá. Ọjọ́ kejì, mo fa ẹyọ kan. Ọjọ́ kẹta, mo fa méjì, mo sì rí i pé bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀, mẹ́fà kò ní pẹ́ dé.

Wọn ò fi mí sílẹ̀. Ọmọ ìlú wa kan tó ń wa takisí rí mi níbi tí mo ti ń jáde, ó sì ròyìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bàbá Sójà wọlé wá pẹ̀lú jalabíà funfun. Ìyá mi gbé omi fún un. Ó fọwọ́ tì í. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbà bá ti kọ omi, ilé ti gbóná.

"Àbúrò mi, mo wá dá ọmọ rẹ padà fún ọ ni. Ó ti rí ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Bàbá, irin ni mo lọ…"

"Mo ní, ṣé òótọ́ ni!"

"Òótọ́ ni, sà."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá mi kúnlẹ̀ tì mí, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò yé e. Nígbà tí Bàbá Sójà máa fi gba omi mu, èékánná mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ta gbòǹgbò sí ilẹ̀. Bàbá mi wá fi ẹnu ara rẹ̀ búra fún mi: n kò gbọdọ̀ tẹ Ungwan Rimi mọ́ títí ọjọ́ ìdánwò. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Eré ọ̀nà jíjìn, ẹni mẹ́rin péré ló ṣáájú mi. Púṣọ́ọ̀pù, ìdọ̀bálẹ̀ ṣáà ni. Ta ló fẹ́ bá ọmọ Yorùbá du ìyẹn? Lẹ́yìn náà ni wọ́n tò wá sí abẹ́ irin. Mo fò, mo dì í mú. Ẹyọ kan. Méjì. Ẹ̀kẹta, mo fà, mo fà, imú mi yọ lókè irin. Àgbọ̀n ò yọ. Wọn kì í sì í ka imú.

"Sauka, aboki," ni ọ̀gá tó ń kà á wí, sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rẹ́. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn fa ìlà lórí nọ́ńbà mi. Ọ̀rẹ́ mi ará Ungwan Rimi fa mẹ́jọ, ó ń béèrè bóyá kí òun fi kún un.

Bàbá mi àti Bàbá Sójà ti jókòó sórí ẹní nígbà tí mo délé. Mo sọ bó ṣe rí. Bàbá Sójà mi orí. "Wọ́n ti bà á jẹ́. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ sójà mọ́."

"Kò burú," bàbá mi wí. "Ọdún tó ń bọ̀."

"Ọjọ́ orí mi á ti kọjá, sà."

"Ṣé kóòtù ò sí nílùú ni? A ó lọ búra pé a kọ ọ́ ṣì. A ó yọ ọdún méjì kúrò níbẹ̀."

Ojú Bàbá Sójà tàn. "Yauwa! Ọ̀nà ti là. Kúrútù, a bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Àpò méjì lọ́tẹ̀ yìí."

Mo gbọ́ ohùn mi kí n tó mọ̀ pé mo ti lanu. "Rárá, sà."

Mo fi kún un:

"Mi ò lọ sí kóòtù. Mi ò sì gbé àpò mọ́. Mo ní ẹ jẹ́ kí n fa irin, ẹ ní àdán ni mí."

Bàbá mi dìde tán, ó tún jókòó. "Ta ló kọ́ ọ ní irú ẹnu báyìí?"

Bàbá Sójà ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Kì í ṣe èmi o. Wallahi, kì í ṣe èmi."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó rán ìyá mi sí mi pé kí n lọ wò ó bóyá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ṣì ń gba èèyàn.