Oríkì Lábẹ́ Ìtàn Gbogbo Wa

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí àṣẹ kan ṣoṣo tí mo tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà fi ọ̀rọ̀ kan náà kún ìparí fáìlì mẹ́ta, oúnjẹ tutù síwájú mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ ara mi ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yìí, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ tẹ ìwé. Fáìlì kan ni ìtàn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àárọ̀ ọjọ́ tí a ó kó o lọ fún atẹ̀wé n'Íjagun ni alága rí i pé oríkì ẹgbẹ́ kò sí lábẹ́ ìtàn ẹnikẹ́ni.

"Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yòókù á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!" ló pariwo.

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ṣé ọfọ̀ lo máa pè sí i?"

Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, torí bí mo bá gbàgbé "-a", àmì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó fi kún ohun tó wà níbẹ̀, ìtàn á parẹ́, oríkì nìkan ni yóò kù. Mo wá tẹ àṣẹ tí yóò fi oríkì tí mo ti kọ sínú fáìlì oriki.txt kún ìparí gbogbo fáìlì ìtàn:

tee -a *.txt < ../oriki.txt

Mo yẹ ìparí fáìlì kọ̀ọ̀kan wò lójú wọn. Fáìlì mẹ́rìndínláàádọ́jọ: oríkì wà nínú gbogbo wọn, ìtàn kankan kò sì dín.