Bọ́tìnì Tí Kò Dáhùn

Èmi ni mo lọ sí báńkì ní Iléṣà, tí mo ní kí wọ́n ti àkáǹtì mi pa, nítorí àwòrán. Àwòrán lásán ni. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló yà á sínú fóònù, èmi àgbà sì rò pé ó ti gbé owó mi lọ.

Ilé-ìwé gíga kan ní Òṣogbo ni ọmọ náà wà. Olùkọ́ wọn ní kó ya àwòrán ojú fóònù tí àgbẹ̀ kòkó yóò fi máa sanwó fún alágbàṣe, tí yóò sì máa fi rí ibi tí owó rẹ̀ ń gbà. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ lò ó níwájú olùkọ́, láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ṣì í lò, ọmọ náà yóò tún lo ọdún kan sí i níbẹ̀. Ló bá wá bá mi ní Ifẹ̀wàrà.

Ìyàwó mi ló máa ń bá mi tẹ fóònù. Nígbà tó kú, mi ò sunkún. Mò ń jẹun, mò ń lọ oko, bíi pé ẹlòmíì ló ń bá mi ṣe é. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní mo ṣe ọkàn akin. Akin wo? Fóònù ń bà mí lẹ́rù ju ejò abẹ́ kòkó lọ.

Ọmọ náà gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ sanwó fún alágbàṣe yín. Mi ò ní sọ nǹkan kan o."

Orúkọ mi ló kọ sókè àwòrán náà. Mo tẹ "Sanwó." Kẹ́kẹ́ pa. Lóko wa, bí o bá sanwó fún alágbàṣe, yóò fọwọ́ méjèèjì gbà á, yóò ní, "Ó dé ọwọ́ mi o, Olúwa á bù sí i," ìwọ á ṣe àmín, kí ẹ tó tú ká. Èyí ò sọ nǹkan kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mò ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, títí ó fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó ti tán.

Mo dá fóònù padà, mo gun ọ̀kadà, ó di Iléṣà. Obìnrin tó wà ní káńtà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Bàbá, owó yín pé o." Mo ní kó ṣáà tì í pa.

Nígbà tí mo padà, ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá! Kò sí kọ́bọ̀ yín nínú ẹ̀!" Ẹ̀rín náà ò pẹ́ tó fi kú lẹ́nu rẹ̀. "Tí ẹ bá ṣe báyìí níwájú ọ̀gá wa, mo gbé. Kí ló dé tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá?"

"Kò dá mi lóhùn."

Ó wò mí, ó sì jókòó tì í, ó tún un yà.

Ní Òṣogbo, mo jókòó níwájú olùkọ́ náà. Mo tẹ "Sanwó." Bọ́tìnì náà pòórá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe bí alágbàṣe, tó mú fóònù kejì dání, tẹ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yọ lójú fóònù tèmi: "Ó dé ọwọ́ mi o."

"Àmín," ni mo wí sókè. Ara mi kú tipiri, ẹnu mi ló dá ṣe é.

Olùkọ́ ní, "Bàbá, ẹ tún tẹ̀ ẹ́."

"Kí ni mo tún fẹ́ tẹ̀? Ó ti gbà á."

Ó yíjú sí ọmọ náà. "O yege. Tètè mú bàbá lọ síbi tí atẹ́gùn wà, òógùn ti fẹ́ gbé wọn lọ."