Bàbá Tó Ná Kànga Ọ̀fẹ́

Ọjọ́ tí àjọ Omi Ìdẹ̀ra fẹ́ ta àwọn ará Àtàn-Ọ̀tà lọ́rẹ kànga ẹ̀rọ méjì ni olóògbé Dúrójaiyé Fọláwẹwọ́ ná ẹ̀bùn títí ẹ̀bùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú padà sílé.

Àjọ náà kì í ṣe ti ìjọba. Àwọn aláàánú ló ń gbé e ró. Ọmọ́wùnmí, òṣìṣẹ́ wọn, ló dìde sọ̀rọ̀ ní àgbàlá Bàbá Dúrójaiyé, níbi tí àdúgbò ti ń ṣèpàdé. Ó ní ọ̀fẹ́ ni kànga méjèèjì, kí àwọn àgbà ṣáà fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ náà. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ìlú mìíràn ni ẹ̀bùn yóò gbà lọ. Inú àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń pọn omi odò láti ọjọ́ pípẹ́ dùn débi pé wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò ṣáájú lórí ìlà. Ìgbà náà ni Bàbá, tó ti fi ogójì ọdún ta pákó, na ọwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, ọ̀fẹ́ yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ dín in."

"Bàbá, kò sí ohun tí a lè dín nínú ọ̀fẹ́."

"Méjì lẹ pè é. A gba ẹyọ kan."

Àpèkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ká ọwọ́ lérí. "Bàbá Ọpẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ìyá Ọpẹ́, jẹ́ kí n rajà." Ó kọjú sí Ọmọ́wùnmí. "Dípò ìkejì, ẹ kọ́ ẹni méjì nínú wa bí a ti ń tún un ṣe, kí ẹ sì kó irinṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tí àwọn kan gbẹ́ fún wa lọ́jọ́sí, kí là ń fi í ṣe?"

Ẹ̀rọ ibẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Aṣọ ni wọ́n ń sá sórí rẹ̀.

"Méjì ló wà nínú ìwé tí ọ̀gá mi kọ, sà."

"Ó dáa. Mo ń lọ."

Ó sì ń lọ lóòótọ́, bí ó ti máa ń lọ ní gbogbo ìsọ̀ láti Àtàn dé Ṣàngó: ẹsẹ̀ kan, á tún fìlà ṣe, ẹsẹ̀ kejì, á wúkọ́. Kò sí òǹtajà tó jẹ́ kí ó gbé ẹsẹ̀ kẹrin kí ó tó pè é padà. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà tí wọ́n ti ń lẹ iye mọ́ ọjà lára ni Ọmọ́wùnmí ti ń rajà láti kékeré. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun pe ẹnikẹ́ni. Bàbá ń bínú kúrò nínú ilé ara rẹ̀, kò sì níbi tí ó ń lọ. Ó dé ẹnu ọgbà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà. Sálúbàtà ló wọ̀.

Àpèkẹ́ sọ ọ́ sí Ọmọ́wùnmí létí: "Ọmọ mi, pè é. Bí o kò bá pè é, kò mọ bí yóò ti padà."

Ọmọ́wùnmí pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà. Lẹ́yìn náà ló gbóhùn sókè: "Bàbá, ẹ padà wá. Wọ́n ti gbà: ẹyọ kan, ẹ̀kọ́ àti irinṣẹ́."

Bàbá nàró, ó di ìbàdí mú. "Ò bá ti tètè pè mí. Ẹ̀yìn ti ń ro mí."

Ẹnu ọgbà náà ni wọ́n gbẹ́ kànga sí, Àpèkẹ́ ló sì kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ lọ́dún kejì, òun ló tú u, tó tún un tò kí ọ̀sán tó pọ́n. Bàbá jókòó tì í, ó ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń kọjá bí òun ti ń tún un ṣe.

Nígbà tí àjọ náà mú nọ́ọ̀sì wá yẹ ara àwọn àgbà wò, Bàbá kò ṣíwọ́ ìnájà.

"Bàbá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ti dé ọgọ́jọ."

"Ó wọ́n. Gba ọgọ́fà."

"A kì í ná an, sà."

"Ó dáa, mo fi márùn-ún kún un nítorí tìẹ."

Oògùn ojoojúmọ́ tí wọ́n fún un, ó ná an di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ó ná láyé, èyí nìkan ni kò jèrè.

Ọmọ́wùnmí wà lára àwọn tó wá sin ín. Bí àwọn agbépósí ti dé ẹnu ọgbà, Àpèkẹ́ na ọwọ́.

"Ẹ dúró díẹ̀."

"Kí ló dé, Ìyá?"

"Ibí ló máa ń dúró sí, kí wọ́n lè ráyè pè é padà."

Ẹ̀rín sọ láàárín ẹkún. Omi ń dà láti ẹnu ẹ̀rọ sínú garawa. Ọmọ́wùnmí, tí kò mọ ohun tó yẹ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ti mọ̀ ọ́n wàyí. Ó sún mọ́ pósí náà, ó ní jẹ́jẹ́, "Bàbá, ẹ padà wá."

Wọ́n dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń so okùn sálúbàtà, kí wọ́n tó gbé e lọ.