Òdo Tó Wà Lórí Ìlà Ìpìlẹ̀

Ọdún mẹ́tàlélógún ni ọkọ mi fi ń ṣètò iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé. Bàbá Ètò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí a sin ín, wọ́n ní olè ni.

Mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́rin, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, kò jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Ó ń gbé kọ̀ǹpútà wálé, èmi ń ka iye sí i létí, òun ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fo ìlà kan, á ní, "Ìyàwó, o ti gbàgbé fèrèsé kan, ilé yẹn á ṣókùnkùn." A ò rẹ́rìn-ín sí ara wa púpọ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ òkú.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Á kọ orí iṣẹ́ kan, bí ìpìlẹ̀, á to àwọn iṣẹ́ kéékèèké sábẹ́ rẹ̀. Àwọn owó kan wà tí kì í yí, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan ni iṣẹ́ gbà tàbí oṣù kan: owó ìwé àṣẹ, owó àyẹ̀wò ilẹ̀, owó gbígbé katakata wá. Iwájú iṣẹ́ kéékèèké ló ń kọ ìwọ̀nyí sí. Lórí ìlà ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀, òdo ni yóò wà. Òpó àpapọ̀, ìyẹn ìlà òòró tó wà lápá kejì, ló ń ro gbogbo rẹ̀. Bí èèyàn bá kọ iye rọ́pò òdo yẹn, ẹ̀rọ á rò ó mọ́ tàwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, owó kan á di méjì. Ọkọ mi sọ ọ́ títí ó fi sú mi.

Ọ̀gá wá ránṣẹ́ pè mí. Ẹnjiníà kékeré tó gba àga ọkọ mi jókòó tì í.

"Màámá, ẹ kú ara fẹ́ra kù," ọ̀gá ní. " Owó ìpìlẹ̀ tí bàbá kọ ti di ìlọ́po méjì. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa ló rí i. Gbogbo ọ́fíìsì ló ti gbọ́."

"Ta ló sọ fún wọn?"

Ọ̀gá ń wo àjà.

Mo kọjú sí ẹnjiníà, mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀. "Ṣí i."

"Màámá, kọ̀ǹpútà ni o, kì í ṣe ìkòkò."

"O ò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi ìkòkò sílẹ̀ fún. Ṣí i!"

Ó ṣí i. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ló wà lórí ìlà ìpìlẹ̀.

"Ta ló kọ èyí síbí?"

"Òdo ni mo bá níbẹ̀," ó dáhùn, ó gbé àyà sókè. "Bàbá gbàgbé ẹ̀ ni. Èmi ni mo ro tàwọn iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ pọ̀, tí mo bá wọn tún un ṣe."

"Pa á rẹ́."

Ó pa á rẹ́. Àpapọ̀ já wálẹ̀ sí ìdajì.

"Màámá, àṣìṣe ni," ọ̀gá ní. "Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀."

"Ibi tí ẹ ti pè é lólè náà lẹ ó ti sọ pé kì í ṣolè."

Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó sọ ọ́ wéréwéré bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì.

"Mi ò gbọ́," mo ní. "Ẹ tún un sọ. Ẹ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́."

Ó tún un sọ, ó sì dárúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà sáré bọ̀, ó ń bẹ̀ mí.

"Yà fún mi," mo ní. "O dí ẹnu ọ̀nà."